Àsíìsì àti Irin Oníbà

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú jáde kúrò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kí ilé tó tán kí oko tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ilé gígùn kan tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Ibẹ̀ ni Alhaja Jàmíátù ti ń ṣe ike: ṣíbí, abọ́, ìdérí ìgò àti òòyà. Ibẹ̀ náà ni Àsíìsì Àdìsá ti lo ọdún mọ́kànlélógún nínú ayé rẹ̀. Kò sí òwúrọ̀ kan nínú ọdún wọ̀nyí tó jí tí kò rántí pé òun lòun mọ ẹ̀rọ ibẹ̀ jù.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe máa ń mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Fọkanáísà ni Àsíìsì tẹ́lẹ̀. Ìdí táyà ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi etí wá ihò tí ojú kò rí. Lọ́jọ́ tí ọkọ Alhaja, tó ti dolóògbé báyìí, gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dé láti Èkó, ẹ̀rọ náà kàn ń wúkọ́ ni, kò mú nǹkan kan jáde. Ẹnjiníà méjì tú u palẹ̀, wọ́n tún un tò, ikọ́ kò lọ. Táyà ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ wá ló jò tí wọ́n fi pe Àsíìsì. Ó lẹ táyà tán, ó nu ọwọ́, ó gbé etí lé ara ẹ̀rọ, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ń jáde níbí." Wọ́n tú ibẹ̀, wọ́n bá rọ́bà tó ti ya. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ẹ̀rọ, nígbà tí irun funfun kan ṣoṣo kò tíì sí lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí kò le lẹ́nu. Wọn á da hóró ike sínú àrọ tó wà lókè, iná á yọ́ ọ bí ẹni ń yọ́ òrí, ẹ̀rọ á wá tì í wọnú mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin méjì tó pàdé mọ́ra, tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ohun tí a fẹ́ ṣe sínú wọn. Omi tútù á mú kí ike dì, irin méjèèjì á ṣí, òòyà á jábọ́. Bó ṣe rí lẹ́nu nìyẹn. Lọ́wọ́, ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ pọ̀ ju òòyà lọ. Àsíìsì á fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin, á di ojú, á ní, "Omi rẹ̀ kéré," tàbí, "Ó ti gbóná jù." Wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn á bá a.

Ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn ni Ọlátúbọ̀sún, ọmọ alfa kan ní Iresi. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wà lábẹ́ Àsíìsì. Nígbà tó ń lọ sí Ìbàdàn láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù tiwọn lọ, Àsíìsì ló bá a gbé ẹrù dé gáréèjì, tó ń sọ fún dírẹ́bà pé, "Ọmọ mi nìyí o, rọra wa ọkọ̀." Ó ń yangàn nígbà náà. Ọmọ tó ń lọ kì í báni du ìjókòó.

Òòyà eyín wẹ́wẹ́ ló kó bá wọn. Obìnrin oníṣòwò kan wà ní Ìbàdàn, Ìyáàfin Oyèṣọlá, tó ń kó ọjà fún àwọn onídìrí. Ó fẹ́ òòyà funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, ọgọ́rin eyín lórí ẹyọ kan, ó sì fẹ́ ẹ púpọ̀. Alhaja ra mọ́ọ̀dù tuntun. Àsíìsì gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ṣe bisimílà, ó tẹ bọ́tìnnì. Òòyà jábọ́. Eyín mọ́kànlá kò sí ní ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ike máa gbà wọnú àwọn eyín náà tín-ín-rín jù, ike ti dì lọ́nà kó tó débẹ̀.

Ó fi kún iná. Eyín pé, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà. Ó dín iná kù. Òòyà funfun báláú, ó sì di akáyín. Ó fi kún agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ike. Ike tú jáde létí mọ́ọ̀dù, ó ń rọ̀ dirodiro. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá a fà á. Níkẹyìn ó lọ bá Alhaja nínú ọ́fíìsì.

"Alhaja, mọ́ọ̀dù yìí ni kò dáa. Wọ́n rẹ́ yín jẹ ni."

Alhaja wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Ẹ̀rọ. Jẹ́ n rò ó wò ná." Ohun tó rò ni Ọlátúbọ̀sún.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni Ọlátúbọ̀sún wọlé dé. Ó gbé àpótí kan dání tó tó rédíò ńlá, ó sì fi irin kan tó gùn tó apá ọmọdé há abíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàpótí-tàpótí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Túbọ̀sún! Ìwọ rèé? Ìbàdàn mà ń tọ́jú ẹ o."

"Ọlá yín ni, ẹ̀gbọ́n. Mo tilẹ̀ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Màámi ti dàgbà, àwọn nìkan ló wà ní Iresi, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Alhaja ní tí nǹkan yìí bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ á wà fún mi níbí. Mo lè máa ti ilé wá."

Àsíìsì ní Ọlọ́run á fún màmá rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìgbà yẹn gan-an ni Alhaja yọjú lẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì pe Ọlátúbọ̀sún pé, "Ẹnjiníà, máa bọ̀ wá jókòó," ló bá fúnra rẹ̀ gbé àga elẹ́yìn jáde fún un.

Ẹnjiníà! Ọ̀rọ̀ náà há Àsíìsì lọ́fun bí egungun ẹja. Ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ẹni tó pè é ní ẹnjiníà rí. Ìjókòó tirẹ̀ nínú ilé náà, bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn ni. Kò rí àbùkù bẹ́ǹṣì yẹn rí, àfi lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Owú ni. Bí ẹ bá bi Àsíìsì, á ní ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń dun òun, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́. Irọ́ ni. Owú ni ó ń jẹ ọkùnrin náà, owú tí ẹnu kì í lè sọ nítorí pé ọmọ tí a fi ọwọ́ ara ẹni kọ́ ni a ń jẹ ẹ́ sí.

Ọlátúbọ̀sún mu omi tán, ó padà wá. "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ mọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ de irin yìí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò bí mo ṣe ń dè é, kí ẹ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

"Kí n wá wo kí ni? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ eléyìí..."

"Máa dè é. Tó o bá dè é tán, o pè mí."

Ó gbé bẹ́ǹṣì aláìlẹ́yìn rẹ̀ jáde, ó jókòó sínú oòrùn, ó ń run pákò. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń já àpò ike sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọlátúbọ̀sún nìkan ló wà nídìí mọ́ọ̀dù títí ó fi de irin náà, tó gbé páànù pẹlẹbẹ bo ibi tó dè é sí.

Nígbà tí wọ́n jọ wọlé, ó fi iná sí àpótí rẹ̀. Kò sí ohun tó dún. Àsíìsì dúró, ó dá etí sílẹ̀.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Irin yẹn ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n ní ìgbà ọ̀kẹ́ kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohùn ẹ̀ ti ga ju ohun tí etí yín tàbí tèmi lè gbọ́."

"Ọ̀kẹ́ kan." Àsíìsì yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ta ló kà á?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ọlátúbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín. Inú Àsíìsì dùn fún bí ìgbà tí ènìyàn fi ń sín. Lẹ́yìn náà ni òòyà jábọ́. Ó funfun. Obìnrin kan tó ń kó ọjà sínú páálí mú un, ó fi èékánná ka eyín rẹ̀ láti orí dé ìdí, ọgọ́rin ni. Èkejì jábọ́, ọgọ́rin. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn, ariwo ayọ̀ ló kù.

Ọlátúbọ̀sún ṣàlàyé fún wọn. Ike tó yọ́ kì í ṣàn bí omi, ó ki, ó sì máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó bá kàn. Ṣùgbọ́n bí irin tó gbà á sílẹ̀ bá ń gbọ̀n, kò ní í rí ibi sinmi, á fẹ́lẹ́, á máa yọ̀ lọ síwájú títí á fi dé ìdí eyín tó kẹ́yìn. Kò ní í béèrè iná púpọ̀, ìdí nìyí tí kò fi pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ "gbọ̀n" yìí, wọ́n ní irin náà ní ibà. Kó tó di ọ̀sán, kò sí orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń pè é mọ́ bí kò ṣe irin oníbà.

Nígbà tí wọ́n túká, Àsíìsì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mọ́ọ̀dù. Ọwọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé etí lé e, etí náà kò gbọ́. Ẹ̀rọ tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún ti wá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní èdè tí òun kò gbọ́, ó sì ń ṣe é níṣojú òun. Ó dùn ún gan-an. Ó dùn ún débi pé ó jáde kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Alhaja kó gbogbo wọn jọ. Ó ní Ìyáàfin Oyèṣọlá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ wo òòyà. Ó ní lọ́jọ́ náà ni òun yóò sọ ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka òòyà, nítorí ẹ̀ka náà máa tóbi, wọ́n á ra ẹ̀rọ mìíràn sí i. Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára Ọlátúbọ̀sún. Àsíìsì rí i. Ohun tó kù fún un láyé kò ju kí wọ́n máa pè é ní Bàbá Ẹ̀rọ kí ó sì jẹ́ òtítọ́, Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ náà ló fi ń pa òwe kan náà fún ẹni tó bá kọjá: "Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òwe náà dáa. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń wá àkísà rà.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó bá ìyàwó rẹ̀, Bàrákátù, tó ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú ewé. Obìnrin náà á bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú ewé, á mì í lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á tó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àsíìsì dúró tì í, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tí o ń mì í?"

"Háà, baálé mi. Ẹ ò mọ̀ ni? Tí mi ò bá mì í, kò ní dé ìdí ewé. Àbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ìdí ẹ̀ ṣófo lẹ fẹ́ jẹ?"

Ó pòṣé, ó yí ẹ̀yìn padà. Nínú ilé òun náà! Bàrákátù gbé ewé sílẹ̀.

"Ṣé torí irin Túbọ̀sún yẹn náà ni? Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń ṣe bí ìyáálé tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé dé bá."

"Ta ló ń jowú? Èmi? Ọmọ tí mo kọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lóòótọ́. Tí wọ́n bá wá ń yìn ín, ta ni wọ́n ń yìn?"

Àsíìsì kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ó sì lè tù ú lára bó bá gbà á. Àmọ́ ó rántí àga elẹ́yìn yẹn, ó da ọ̀rọ̀ Bàrákátù nù.

Ọjọ́bọ̀ dé. Aago mẹ́ta ni Ìyáàfin Oyèṣọlá máa dé. Gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ló máa ń kírun Àílà pa pọ̀ nínú ọgbà, lábẹ́ igi máńgòrò, Àsíìsì ló sì máa ń ṣíwájú wọn láti ìgbà tí ọkọ Alhaja ti kú. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Túbọ̀sún, ìwọ ni kó o ṣíwájú lónìí."

"Èmi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Níbi tí ẹ wà?"

"Ọmọ alfa ni ẹ́. Máa lọ. Ẹ̀rọ ti gbóná, kò yẹ ká fi òun nìkan sílẹ̀. Màá kí tèmi tí ẹ bá dé."

Ojú Ọlátúbọ̀sún rọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń wá ojúure ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò rí i, ó wá rò pé òun ti rí i báyìí. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó lọ dúró níwájú ẹní.

Ohun tí owú lè ti ènìyàn dé ìdí rẹ̀ rèé. Àsíìsì wọlé, ó kúnlẹ̀ sí ìdí mọ́ọ̀dù, ó ṣí páànù pẹlẹbẹ náà. Kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ó ti apá bọ abẹ́ irin, ó ń fi ìka wá a, àfi ìgbà tó nawọ́ kọjá dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ojú kò dé, ló tó kan bóòtù tó so irin oníbà mọ́ mọ́ọ̀dù. Ó gbìyànjú sípánà mẹ́ta kó tó rí èyí tó wọ̀ ọ́, nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Ọlátúbọ̀sún ń ké "Allahu Akbar" lóde, ohùn rẹ̀ dùn. Àsíìsì tú bóòtù náà ní ìdá mẹ́rin àyípo kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dé páànù padà, ó ju sípánà sápò, ó lọ fọ ọwọ́.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìdánwò ni. Ohun tó bá dára lóòótọ́, ṣé ìdá mẹ́rin àyípo á bà á jẹ́? Ó mọ̀ pé fọkanáísà tó bá tú nọ́ọ̀tì táyà ní ìdá mẹ́rin, tó ní òun ń dán ọkọ̀ wò ni, apànìyàn ni. Ó mọ̀ ọ́n, ó gbé ìmọ̀ náà ti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyáàfin Oyèṣọlá dé ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, obìnrin gíga kan tó fi awò ojú kọ́ ọrùn. Alhaja fúnra rẹ̀ mú un dé ìdí ẹ̀rọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ pagbo. Ọlátúbọ̀sún ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó tan àpótí rẹ̀.

Irin oníbà ké. Hííín! Igbe náà wọ inú eyín gbogbo ènìyàn. Obìnrin tó ń kó páálí di etí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àsíìsì máa gbọ́ ohùn irin náà, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn débi tó fi ń bẹ̀rù kí ó má hàn lójú òun.

Òòyà jábọ́. Eyín mẹ́sàn-án kò sí. Òmíràn jábọ́, mẹ́wàá kò sí. Ìyáàfin Oyèṣọlá gbé awò ojú wọ̀, ó gbé òòyà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Alhaja, ṣé akáyín ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe?"

Àágùn bo Ọlátúbọ̀sún. Ó pa àpótí, ó tún un tàn. Ó yẹ wáyà wò, ó yí nọ́ńbà sókè, ó yí i sílẹ̀. Igbe náà kò dá. Alhaja ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Àsíìsì dúró sẹ́yìn agbo. Gbogbo ohun tó fẹ́ ti ṣẹ. Bó bá dákẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, Ìyáàfin Oyèṣọlá á wọ ọkọ̀ rẹ̀, Ọlátúbọ̀sún á sì di àpótí rẹ̀.

Ọlátúbọ̀sún yíjú padà, ó wá a títí ó fi rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Etí yín nìkan ló lè mọ ohun tó ń ṣe é."

Gbogbo agbo yà fún un. Bàbá Ẹ̀rọ! Wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wò ó látijọ́. Kí ni ọkùnrin kan tí owú ti ń pa láti ọjọ́ Ajé á ṣe? Ó ti gbèrò kí iṣẹ́ náà bàjẹ́ ni, àmọ́ èyí tilẹ̀ dùn ju ohun tó gbèrò lọ. Òun ni wọ́n ní kó wá gba ilé là.

Ó rọra rìn jáde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mọ́ọ̀dù, ó di ojú, ó mi orí. Ó kúnlẹ̀. Ó ṣí páànù pẹlẹbẹ, ó ti apá bọ abẹ́ irin dé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kò wá nǹkan kan kiri, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ. Ó fi ọwọ́ kejì yọ sípánà kan ṣoṣo nínú àpò rẹ̀. Ó fún bóòtù náà ní ìdá mẹ́rin àyípo.

Igbe náà dá. Òòyà jábọ́, obìnrin onípáálí fò mọ́ ọn, ó ka eyín rẹ̀ sókè fún gbogbo ayé láti gbọ́, ó parí rẹ̀ sí ọgọ́rin. Wọ́n pariwo. Wọ́n ń fọwọ́ gbá Àsíìsì lẹ́yìn, wọ́n ń pe "Bàbá Ẹ̀rọ! Bàbá Ẹ̀rọ!" Ìyáàfin Oyèṣọlá yọ awò ojú rẹ̀, ó ní òun ò rí irú èyí rí.

Ibi tí Àsíìsì ti ń dìde, tó ń gbọn eruku orúnkún, ló ti rí ojú Ọlátúbọ̀sún. Kì í ṣe ojú Àsíìsì ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, sípánà nọ́ńbà mẹ́rìnlá tó wà nínú rẹ̀.

Alhaja dá wọn lẹ́kun. "Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Irin tuntun dáa, àmọ́ ọjọ́ tí ojú máa tì wá, etí àgbà ló gbà wá. Bàbá Ẹ̀rọ, láti òní lọ, ìwọ ni ọ̀gá ẹ̀ka òòyà." Ó yíjú sí èkejì. "Ẹnjiníà, mi ò lé ẹ o. O lè dúró lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ. Tí ìyẹn ò bá wù ẹ́, mi ò ní bínú."

"Ẹ ṣé, mà," ni Ọlátúbọ̀sún wí. "Màá padà sí Ìbàdàn."

Àsíìsì la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa màmá tó wà ní Iresi. Kò rí ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlátúbọ̀sún wá síwájú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀, nínú òróró àti eruku ike, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ wá kí àlejò. Inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn sí i. Wọ́n ní ọmọ tó mọ ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn. Àsíìsì tẹ̀ ba láti fà á dìde, ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, kékeré, ohùn tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí mo dè é, mo pè yín kí ẹ wá wò ó, ẹ ò wá. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí bóòtù yẹn wà nínú ilé yìí, àfi èmi."

Ọwọ́ Àsíìsì dúró lófuurufú.

"Ẹ súre fún un, Bàbá Ẹ̀rọ," ni obìnrin onípáálí wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọmọ yín ń lọ sí ìrìn àjò."

Wọ́n tẹ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe àmín. Àsíìsì wá àdúrà sí ẹnu rẹ̀, ó wá a títí, kò bá a níbẹ̀. Ọlátúbọ̀sún kò dìde.